Bí Ọ̀dọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ Ṣe Lè Yọ̀ǹda Ara Rẹ̀ fún Iṣẹ́ Ológun Lásìkò Ogun

Ìtàn bí ìlú wa ṣe gba orúkọ, ìtàn ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ogun ni. Inú àhámọ́ ni Ṣọ̀ún Ògúnlọlá wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, nítorí ẹ̀sùn ìpànìyàn, nígbà tó gbọ́ pé jagunjagun kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ kò jẹ́ kí Aláàfin àti àwọn ará Ọ̀yọ́ rí oorun sùn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n bá òun tọrọ àyè lọ́wọ́ Aláàfin, kí òun lè lọ pàdé ọkùnrin náà. Nígbà tí àyè yọ, ó lọ, ó sì gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ bọ̀. Gbogbo àwa ọmọ Ajílété la máa ń fi orí tó gbé bọ̀ yẹn yangàn. Àyè tó kọ́kọ́ tọrọ ni èmi fẹ́ kí ọmọ tó ń gbèrò iṣẹ́ ṣọ́jà lónìí ronú sí, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama níhìn-ín, àwọn ọmọ tí mo rí tí ọ̀nà wọn dí, ìwé wọn tàbí ilé wọn ló dí i, kì í ṣe agbára wọn.

Láti ọdún 2009 ni iléeṣẹ́ ológun Nàìjíríà ti ń bá àwọn agbésùnmọ̀mí Boko Haram jà ní Bọ̀rnó àti agbègbè rẹ̀, títí dé etí adágún Chad, ìjà náà kò sì tíì parí. Orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ náà láti ọdún 2021 ni Hadin Kai. Lafiya Dole ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Àwọn ajínigbé àti àwọn jàǹdùkú inú igbó náà ń bẹ ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Àríwá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun nísinsìnyí, kí ó mọ̀ pé ojú ogun ni òun ń lọ. Kò sí ẹni tí ìjọba Nàìjíríà ń fi tipá mú wọ iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, òun ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó ti pinnu, tàbí ẹni tó ń pinnu lọ́wọ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ẹnu ọ̀nà wo lo fẹ́ gbà wọlé?

Kọ́kọ́ mọ ẹnu ọ̀nà tó tọ́ sí ọ, nítorí pé ẹnu ọ̀nà tí o bá gbà wọlé ni yóò pinnu ibi tí o lè dé àti iye ọdún tí yóò gbà ọ́.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbà ni ti ṣọ́jà onípò kékeré, èyí tí wọ́n máa ń kéde láti ìgbà dé ìgbà. Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́, èkejì sì jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́: awakọ̀, mẹkáníìkì, wẹ́ẹ́dà, oníná, bíríkìlà, káfíńtà, aránṣọ, alásè, àti àwọn tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. Nínú àwọn ìkéde tó ti kọjá, ọdún 18 sí 22 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́, ọdún 18 sí 26 sì ni ti oníṣẹ́ ọwọ́. Ó kéré tán, ọkùnrin gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.68, obìnrin sì gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.65. Wọ́n tún ń béèrè pé kí o yege nínú iṣẹ́ mẹ́rin, ó kéré tán, nínú ìdánwò ìparí girama, láàárín ìjókòó tí kò ju méjì lọ. Ka ìkéde ti ọdún tí o fẹ́ wọlé dáadáa, nítorí pé wọ́n lè yí iye wọ̀nyí padà.

Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tó kọ́ṣẹ́ ní Sábó, ní Òkè-Àdó àti ní gbogbo ibi tí a ti ń kọ́ṣẹ́ nílùú yìí má ṣe fojú kéré ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tó bá fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí kò lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí lé lórí, kò ní ohun tí yóò gbé kalẹ̀ bí ó tilẹ̀ lè tú ẹ́ńjìnnì lókùnkùn. Ìwé tí ọ̀gá fi lé ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbòmìnira dára lórí ògiri ilé, ṣùgbọ́n ìwé ìdánwò yẹn ni wọn yóò béèrè. Bí o bá jẹ́ awakọ̀, láísẹ́ńsì rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó, kí ọjọ́ rẹ̀ má sì tíì kọjá.

Ọ̀nà kejì ni ti ọ̀gágun. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama lè gba ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun tó wà ní Kàdúná, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964. Ìdánwò JAMB ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí, ọdún márùn-ún ló sì ń gbà. Ẹni tó ti gba oyè ní yunifásítì, ìbáà jẹ́ LAUTECH wa níhìn-ín ni tàbí ibòmíràn, lè dúró de ìkéde tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ti kàwé gboyè. Mo ti rí ọmọ tó gboyè, tí ìbínú àìríṣẹ́ mú kó fi ìwé oyè rẹ̀ pamọ́, tó sì lọ wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò kọjá girama. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí pé o ti fi irọ́ bẹ̀rẹ̀, ìwọ ni yóò máa kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bí ọ̀gá fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn ológun ojú omi àti ti òfuurufú ní ìkéde àti ojúlé tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìmúrasílẹ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ fún wọn.

Sọ ọ́ nílé kí o tó sọ ọ́ ní káfẹ́

Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń ṣe ni pé wọn yóò lọ kọ orúkọ sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, wọn yóò sì sọ fún ìyá wọn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ rìnrìn-àjò. Ìwà yìí kò dára, kò sì wúlò, nítorí pé nínú àwọn ìwé tí wọ́n máa ń ní kí o tẹ̀ jáde, ti ìfọwọ́sí òbí tàbí alágbàtọ́ máa ń wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ẹlòmíràn sí i nítorí pé ó ń bẹ̀rù baba rẹ̀, ayédèrú ìwé ló gbé lọ bá àwọn ológun.

Má ṣe kọ́kọ́ bá ìyá rẹ sọ ọ́ bí o bá mọ̀ pé ẹkún ni yóò fi dá ọ lóhùn. Wá ẹ̀gbọ́n baba rẹ, tàbí àbúrò ìyá rẹ lọ́kùnrin, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọlé nínú ẹbí. Dọ̀bálẹ̀ fún un, tàbí kí o kúnlẹ̀ bí o bá jẹ́ obìnrin, kí o sì ṣàlàyé ohun tí o rí tí o fi fẹ́ lọ. Jẹ́ kí òun bá ọ dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ ní àárọ̀ ọjọ́ tí kò sí ìdààmú ọjà tàbí ti oko. Bí ó bá ṣeé ṣe, wá ṣọ́jà kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò yín, kí ó wá bá wọn jókòó. Irú baba bẹ́ẹ̀ lè dáhùn ìbéèrè tí ìwọ kò lè dáhùn: bí owó oṣù ṣe ń wọlé, bí àyè ìsinmi ṣe ń yọ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ara bá gbọgbẹ́.

Wọn yóò bi ọ́ ní ìdí tí o fi fẹ́ lọ. Dá ara rẹ lóhùn ìbéèrè náà kí wọ́n tó bi ọ́. Bí ó bá jẹ́ gbèsè lo fẹ́ sá fún, tàbí ọmọbìnrin kan tó já ọ kulẹ̀, tàbí ẹjọ́ tó wà lọ́rùn rẹ, fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ ná. Ẹnìkan lè sọ pé Ògúnlọlá pàápàá ní ẹjọ́ lọ́rùn nígbà tó lọ pàdé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Aláàfin ló fún un láyè. Ní ti ìsinsìnyí, ẹni tí ilé ẹjọ́ bá ti dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, wọn kì í gbà á.

Ẹ̀yin òbí, mo fẹ́ bá yín sọ gbólóhùn kan. Ọmọ tó bá wá tọrọ àyè lọ́wọ́ yín ti bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ má ṣe fi ègún tàbí ìhàlẹ̀ dá a dúró, nítorí pé yóò lọ náà ni, yóò sì lọ láìsọ ibi tó ń lọ fún yín. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ sọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá gbà, ẹ fi ọwọ́ sí ìwé náà fúnra yín, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ìwé rẹ

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o ti fara balẹ̀ jùlọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀ṣọ́ ẹni tó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ ológun sì ni ìwé.

Ìwé tí o nílò kò pọ̀: ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, nọ́ńbà BVN ti báńkì, ìwé ẹ̀rí ìdánwò girama, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ bí o bá ní, àti ìwé ẹ̀rí ìbílẹ̀ láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ rẹ. Bí o bá jẹ́ ti Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, Kínńírá ni o ó lọ. Bí o bá jẹ́ ti Gúúsù, Arówómọlẹ̀ ni. Ẹni tó wá láti Orí-Iré yóò lọ sí Ìkòyí-Ilé, ti Sùúrùlérè yóò lọ sí Ìrẹsàadú, ti Ògo-Olúwa yóò sì lọ sí Ajáàwà. Ibi tí baba rẹ ti wá ni kí o lọ, kì í ṣe ibi tí o háyà yàrá sí. Ìpínlẹ̀ tí a ti bí ọ ní ọmọ onílùú ni wọn yóò kà ọ́ mọ́, nítorí pé òfin ilẹ̀ wa ní kí àwọn ọmọ ogun ti gbogbo ẹ̀yà wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó dàgbà sí Jọ́ọ̀sì tàbí Kánò, bí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ṣe dàgbà sí òkè Ọya, ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọn yóò kà á sí.

Lẹ́yìn tí o bá ti kó wọn jọ, tẹ́ gbogbo wọn sórí tábìlì kan, kí o sì fi ìka tọ orúkọ rẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ibí yìí ni wàhálà wà. Àwa Yorùbá ní orúkọ púpọ̀: orúkọ tí bàbá àgbà sọni, oríkì, orúkọ ìsàmì tàbí ti mùsùlùmí, àti orúkọ tí olùkọ́ kọ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ nítorí pé èyí ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti kọ. Rasaki kan lè jẹ́ Rasaq lórí ìwé ìdánwò, kí ó jẹ́ Razak lórí NIN, kí ó sì jẹ́ Abdulrasaq ní báńkì. Èyí tó ń jẹ́ Àjàní nílé lè má ní Àjàní lórí ìwé kankan. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ohun tí lẹ́tà bá wí ló mọ̀.

Mú ìwé ẹ̀rí ìdánwò girama gẹ́gẹ́ bí òpó, nítorí pé òun ló nira jùlọ láti yí padà, kí o sì jẹ́ kí àwọn yòókù bá a mu. Bí NIN ló yàtọ̀, lọ sí ọ́fíìsì NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, kí wọ́n tún un ṣe. Wọn yóò gba owó tí ìjọba fọwọ́ sí, wọn yóò sì fún ọ ní ìwé. Bí ìyàtọ̀ náà bá kọjá lẹ́tà kan tàbí méjì, lọ búra ní kóòtù, kí o sì gba ìwé ìbúra. Ti ọjọ́ ìbí ló le jù. Má dúró dìgbà tí ìkéde bá jáde kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, nítorí pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni ojúlé ìforúkọsílẹ̀ máa ń ṣí, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò sì tó láti tún NIN ṣe.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń dín ọjọ́ orí wọn kù. Wọn yóò sọ fún ọ pé gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Kí o mọ̀ pé irọ́ tí o bá pa lórí ìwé ìgbàwọlé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ológun, ó sì lè mú kí wọ́n lé ọ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí o ti ṣiṣẹ́.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ orúkọ tó báyìí kò parí sí ẹnu ọ̀nà ìgbàwọlé. Ogun ni o ń lọ. Bí ọta bá bá ọ, tí o kò sì padà, ẹni tí o kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹbí rẹ ni yóò lọ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ológun àti àjọ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun l'Ábújá. Lẹ́tà kan tó yàtọ̀ láàárín orúkọ rẹ àti orúkọ baba rẹ lè mú kí ìyá rẹ máa wọ mọ́tò láti Tákìẹ̀ lọ sí Ábújá, kí ó sì máa padà bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Mo mọ ìyá kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ju ọdún kan lọ.

Ara rẹ

Lọ ṣe àyẹ̀wò ara rẹ kí àwọn dókítà ológun tó ṣe é fún ọ. Ilé ìwòsàn ńlá kò wọ́n wa níhìn-ín: ti ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn LAUTECH wà, ti Bowen tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Báptíìsì náà sì wà. Jẹ́ kí wọ́n wo ojú rẹ, etí rẹ, eyín rẹ, ìfúnpá rẹ, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ, kí wọ́n sì wò ó bóyá o ní ìpá, nítorí pé ìpá ṣeé ṣiṣẹ́ abẹ fún, kí ó sì san kí ìkéde tó jáde. Àwọn dókítà ológun tún máa ń wo bí eékún bá ń gbá ara wọn àti bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, mo bẹ̀ ọ́, wá ọ̀nà mìíràn láti sin ilẹ̀ yìí. Eré àárọ̀ kùtùkùtù nínú ọyẹ́ Zaria, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ṣọ́jà tuntun, kì í ṣe fún ọ.

Ní ti ìdárayá, fún ara rẹ ní oṣù mẹ́ta, ó kéré tán. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn kíákíá fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà kí o máa sá eré díẹ̀díẹ̀ títí tí o ó fi lè sá kìlómítà mẹ́ta láìdúró, nígbà mẹ́rin lọ́sẹ̀. Fi pọ́ṣọ́ọ̀pù, ìdìde-jókòó àti gígun ọ̀pá kún un. Pápá ilé ẹ̀kọ́ ni kí o ti ṣe é, kì í ṣe etí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn tírélà ti ṣe lójú ọ̀nà náà láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ tí kò parí. Yóò jẹ́ ohun ẹ̀dùn kí ẹni tó ń múra ogun kú sí etí títì kó tó kúrò nílé.

Jìnnà sí tramadol àti kódíìnì, kí o má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé wọ́n ń fúnni lágbára. Wọn yóò yẹ ìtọ̀ rẹ wò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń kọ irú ìtọ́sọ́nà báyìí kì í fẹ́ fọwọ́ kàn, ìyẹn ọ̀rọ̀ àyẹta àti òkígbẹ́. Nílùú àwọn ọdẹ àti jagunjagun bíi tiwa, kò sí ọmọ tó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ ṣọ́jà tí ẹnìkan nínú ẹbí kò ní fẹ́ sín gbẹ́rẹ́ fún. Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbẹ́rẹ́ tuntun lára ọmọ tó bọ́ṣọ síwájú dókítà yóò fa ìbéèrè, abẹ tí wọ́n fi sín ọ lẹ́yìn ẹlòmíràn lè kó àrùn ràn ọ́, ẹni tó bá sì ní kí a yin ìbọn lu òun láti dán oògùn wò kò ní dé Zaria. Bí àwọn àgbà ilé bá tẹnu mọ́ ọn, ní kí wọ́n fi àdúrà ránṣẹ́ sí ọ.

Fọ́ọ̀mù àti oníduùró

Nígbà tí ìkéde bá jáde, ojúlé iléeṣẹ́ ológun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, recruitment.army.mil.ng, ni kí o lọ tààrà. Kọ ọ́ fúnra rẹ létí ẹ̀rọ. Má gba orí Facebook tàbí WhatsApp kọjá débẹ̀. Bí o bá lọ sí káfẹ́, jókòó ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, kí o sì ka gbogbo ohun tó tẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́. Ọmọ káfẹ́ ń tẹ ti ogún ènìyàn lójúmọ́, kò sì ní bá ọ lọ sí ibi àyẹ̀wò bí ó bá fi 2004 sí ipò 2006. Nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì tí o bá fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tìrẹ, kí o sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì náà.

Tẹ gbogbo ojú ìwé jáde. Ìwé oníduùró yóò wà nínú wọn, fọ́ọ̀mù náà yóò sì dárúkọ irú ẹni tó lè fọwọ́ sí i: irú àwọn bí alága tàbí akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, adájọ́ májísíréètì, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama, ọba aládé, tàbí ọ̀gá ológun àti ọlọ́pàá tó ti dé ipò kan. Wọ́n máa ń ní kí oníduùró náà fi fọ́tò àti ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí o fẹ́ kí ó fọwọ́ sí i ni yóò kọ́kọ́ rí ọ. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, mo lè sọ pé kì í ṣe ìgbéraga ló ń mú wa kọ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tó bá dúró fún ọ ti fi orúkọ rẹ̀ sọ pé òun mọ ìwà rẹ. Bí o bá sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ìbọn ìjọba, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ wá. Lọ kí i ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, kí o jẹ́ kí ó mọ ilé yín.

Ẹni tó bá ní kí o san owó

Ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ ológun Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni. Owó káfẹ́ àti owó ọkọ̀ nìkan ló yẹ kí ó jáde lápò rẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan san ẹgbẹ̀rún lọ́nà 150 náírà fún ọkùnrin kan tó ní òun mọ ọ̀gágun kan l'Ábújá. Ọkùnrin náà fi ìwé ìgbàwọlé tó ní òǹtẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ọmọ náà di ẹrù, ó sì dé ibi tí wọ́n ní kí ó lọ, àwọn ṣọ́jà ẹnu ọ̀nà ló sọ fún un pé ayédèrú ni. Ó dúró sí etí ọ̀nà náà pẹ̀lú àpò rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí pé ojú ń tì í láti padà wálé. Bí ìwé kan bá ń ṣe ọ́ ní kàyéfì, gbé e lọ sí bárékè tó wà ní Òjòó n'Íbàdàn, kí o béèrè lẹ́nu ọ̀nà.

Irú kejì tún wà, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine ní 2022, àwọn ọ̀dọ́ kan lọ tò sí ẹnu ọ̀nà ilé aṣojú Ukraine l'Ábújá, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ bá wọn jà. Ìjọba Nàìjíríà sì kéde pé òun kò ní gbà kí wọ́n gba ọmọ òun bí ọmọ ogun ọ̀yà. Láti ìgbà náà, àwọn oníṣẹ́ ibi ti ń tan àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà lọ sí Rọ́ṣíà pẹ̀lú ìlérí iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́, àwọn kan nínú wọn sì bá ara wọn lójú ogun. Ẹni tó bá ń fi dọ́là pè ọ́ sí ogun àjèjì, tí ó ní kí o má sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, sá fún un.

Ọjọ́ àyẹ̀wò

Dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù. Kó ojúlówó ìwé rẹ àti ẹ̀dà wọn sínú fáìlì, pẹ̀lú fọ́tò pélébé, síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, ṣòkòtò péńpé, bàtà kánfáàsì, bíírò, abọ́ àti ife. Gé irun rẹ mọ́lẹ̀. Wọn yóò wọn gíga rẹ, wọn yóò ní kí o sáré, wọn yóò yẹ ìwé àti ara rẹ wò. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìbéèrè, fi òótọ́ dáhùn ní ṣókí. Má ṣe sọ pé o mọ ọ̀gá kankan. Bí orúkọ rẹ kò bá jáde, béèrè ìdí rẹ̀ bí àyè bá wà, kí o tún un ṣe, kí o sì gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i bí ọjọ́ orí bá gbà. Ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní 2020 náà ń gba ọ̀dọ́, igbó Orí-Iré tó wà létí ilé wa sì nílò ẹni tí yóò ṣọ́ ọ.

Kí o tó wọ ọkọ̀ Zaria

Zaria ni ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó lókìkí jù fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà sì máa ń gbà. Má ṣe kánjú fẹ́ dé ojú ogun kí oṣù náà tó pé. Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Àkekèé Dúdú, 1958 ló wọ iṣẹ́ ológun. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ṣẹ́ kí ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1967. Lásìkò ogun yẹn kan náà, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí wọ́n jẹ́ bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ di bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 250, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó jọ kíákíá ni kò sì rí ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ fi kọ́ bí a ti ń di ìbọn mú. Àwọn ìyá tó bí wọn ló lè sọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá.

San gbèsè tí o jẹ, tàbí kí o bá ẹni tí o jẹ sọ̀rọ̀. Bí o bá ní àfẹ́sọ́nà, jẹ́ kí àwọn òbí rẹ mọ ilé wọn. Ronú dáadáa lórí ẹni tí o ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ yóò tọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà ìyàwó á dé, ọmọ á dé, orúkọ yẹn á ṣì wà níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ilé rẹ bá yí padà, lọ yí i. Yọ fọ́tò àti ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò rẹ kúrò lórí Facebook, kí o sì kìlọ̀ fún àwọn àbúrò rẹ pé kí wọ́n má ṣe fi fọ́tò rẹ nínú aṣọ ológun síta.

Ọkọ̀ ọ̀sán ni kí o wọ̀. Bí o ti ń gba Ìlọrin kọjá Jẹ́bà lọ sí òkè, má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú ọ sójú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, sùn sí ìlú ńlá, kí o tẹ̀síwájú lówùúrọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kọ ìwé kan fún ìyá rẹ, ní èdè tó lè kà tàbí tí àbúrò rẹ lè kà fún un: orúkọ rẹ bí ó ṣe wà lórí NIN, nọ́ńbà NIN náà, nọ́ńbà àkáǹtì rẹ àti orúkọ báńkì, ọjọ́ tí o kúrò nílé, àti nọ́ńbà òbí ọmọ mìíràn tí ẹ jọ ń lọ. Fi ẹ̀dà gbogbo ìwé rẹ mọ́ ọn nínú àpò ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Fi àyè kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún nọ́ńbà ológun rẹ, èyí tí wọn yóò fún ọ níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí o má rí fóònù lò fún ìgbà pípẹ́. Lọ́jọ́ tí àyè bá kọ́kọ́ gbà ọ́ láti pe ilé, kí o tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ tàbí ti òtútù, ka nọ́ńbà náà fún ìyá rẹ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì ní kí ó kà á padà sí ọ létí.